Ọmọ Ìlàjẹ Ra Ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Inú bí mi níbi ìpàdé àwa ọmọ Ìlàjẹ ní Lọ́ńdọ̀nù láìpẹ́ yìí, mi ò sì fẹ́ kí ìbínú náà rọ̀ kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan láàárín wa, tí wọ́n bí sí Ugbónlá tó sì dàgbà sí àdúgbò Ìlàjẹ ní Bàrígà, ra ọkọ̀ ojú omi, ó sì kó wọnú rẹ̀. Orí odò Lea ni ọkọ̀ náà wà, lápá Hackney àti Tottenham. Nígbà tó sọ fáwọn àgbà pé òun ti kúrò nínú ilé tí òun háyà, ọ̀kan nínú wọn wò ó títí, ó ní: "Àwọn òbí rẹ ta àwọ̀n, wọ́n ta ẹ́ńjìnì, kí o lè dé ìlú òyìnbó, kí o lè sùn lórí ilẹ̀ tó le. Orí omi náà lo tún padà sí?" Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún bàbá. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà," ó sì jókòó. Kò la ẹnu mọ́ títí ìpàdé fi túká.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn bàbá. Ẹni tó bá ti sùn nínú ilé orí òpó lálẹ́ tí òkun ń ru, tó ń gbọ́ bí omi ṣe ń lu pákó lábẹ́ ẹní rẹ̀, kò ní fẹ́ irú oorun bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ìfẹ́ ló mú un sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ọkọ̀ di ohun ìtìjú fún ọmọ Ìlàjẹ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ etíkun wa mọ̀ pé ibi tí títì parí sí ní Igbókòdá ni ìlú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti èbúté yẹn lọ sí Ayétòrò, sí Ugbónlá, sí Awoyè, ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ ló ń gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ, òun ló ń gbé òkú lọ sí ibi tí wọ́n máa sin ín sí, òun ló ń gbé bíríkì, ìrẹsì, màlúù òde àríyá àti tíṣà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá. Ọmọ kékeré tí kò tíì mọ ìwé kọ ti mọ àjẹ̀ dì mú. Bí a bá ní ká máa tijú ọkọ̀, kí ló kù tí a óò fi yangàn?

Síbẹ̀, ohun táwọn òyìnbó ń fi ọkọ̀ ṣe níbí ya èmi náà lẹ́nu. Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní narrowboat, irin ni. Fífẹ̀ rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà 7, nítorí ọ̀pọ̀ ibi tó máa gbà kọjá lórí odò àfọwọ́gbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gígùn rẹ̀ lè tó ẹsẹ̀ bàtà 70, àmọ́ èyí tó jẹ́ 57 ni ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn, torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí kò lè dé. Ibùsùn, ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ààrò onírin tí wọ́n ń fi èédú dá, gbogbo rẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Òfin kò gbà kó sáré ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí odò lè bá awakọ̀ tàkúrọ̀sọ, kó kí i pé ó dàbọ̀, kó sì ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó ń lọ.

Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ mi háyà irú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, òun àti ìyàwó rẹ̀, lórí odò Grand Union. Nígbà tó fi dé, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, àwòrán ọkọ̀ títà ló ń wò lórí fóònù. Ó mú mi dání lọ́jọ́ Sátidé kan kí n wá wo bí ọkọ̀ ṣe ń gun òkè. Òótọ́ ni, ó ń gun òkè. Wọ́n wà á wọnú àhámọ́ tí wọ́n fi bíríkì mọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn onígi ńlá pa sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fi irin ọlọ́wọ́ kan yí ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn iwájú, ihò ṣí nísàlẹ̀, omi òkè ń rọ́ wọlé, ọkọ̀ sì ń gbéra díẹ̀díẹ̀ tòun ti ife tíì tó wà lórí rẹ̀ tí kò dànù. Nígbà tí omi inú àti omi òkè dọ́gba, ọ̀gá mi fi ìdí ti ìtì igi gígùn tó wà lára ilẹ̀kùn, ó sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó sún un sẹ́yìn, ilẹ̀kùn sì ṣí. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn kò kó ẹja, kò kó èrò, kò sì ná ọjà kankan. Mo wò ó, mo rántí àwọn tó ń ti ọkọ̀ wọnú ìgbì ní ìdájí nítorí owó ilé ìwé ọmọ, ọkàn mi sì wà pẹ̀lú àwọn tiwa. Lójú mi lọ́jọ́ náà, àwa la mọ ohun tí ọkọ̀ wà fún.

Bí wọ́n ṣe ń ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ níbí tún wá fi kún ìyàlẹ́nu mi. Ọmọ Ugbónlá wa ṣàlàyé tirẹ̀ fún mi lẹ́yìn ìpàdé. Owó ilé Lọ́ńdọ̀nù ló lé e sórí omi: ohun tó ń san lóṣooṣù fún yàrá kan kò jẹ́ kó lè tọ́jú kọ́bọ̀ tó nítumọ̀ láti fi ra ilé, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ àlòkù tó dára kò wọ́n tó ilé rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó, ó ń gba iṣẹ́ òru, ó ń lọ wo ọkọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Báńkì kì í fi ọwọ́ tí wọ́n fi ń yáni lówó ilé yáni lówó irú ọkọ̀ yìí, torí náà ó yá èyí tó kù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yáwó lásán, èlé rẹ̀ sì ga.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó wù ú dára lójú: wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún, kọ́tìnnì aláwọ̀ òféfèé wà lójú fèrèsé. Àmọ́ ó san owó fún sọ̀fíyọ̀, ẹni tó ń báni yẹ ọkọ̀ wò, kó tó san owó ọkọ̀. Wọ́n fà á jáde kúrò nínú omi. Sọ̀fíyọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó fi òòlù kan irin náà láti orí dé ìdí, ó ń tẹ́tí sí ìró rẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀rọ kékeré kan wọn bí irin ṣe nípọn tó. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò kì í fẹ́ gbọ́ ohun tó bá tinrín ju mílímítà 4 lọ. Níbi tí omi ti máa ń lá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn, ìpẹtà ti jẹ irin náà débi tó fi tinrín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìkẹta tó yẹ̀ wò ló rà.

Rírà kọ́ ni òpin ìnáwó. Láísẹ́ǹsì ń bẹ tó ń san lọ́dọọdún, bí ọkọ̀ bá ṣe gùn tó ni owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Owó ìdójútòfò ń bẹ. Ìwé ẹ̀rí ààbò ń bẹ, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń yẹ gáàsì, iná àti ẹ́ńjìnì wò kí wọ́n tó fún un. Lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jáde nínú omi kí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kun abẹ́ rẹ̀. Epo díísù, èédú, gáàsì, ilé ìgbẹ́ tó ń gbé lọ dà sí ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀, gbogbo rẹ̀ ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Nítorí pé kò ní èbúté tirẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dúró lójú kan ju ọjọ́ 14 lọ. Òfin ọdún 1995 ló sọ bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n sì ti fi owó kún láísẹ́ǹsì àwọn tó ń ṣí kiri bíi tirẹ̀.

Gbogbo èyí, òun nìkan ló ṣe é. Kò sí ẹ̀gbọ́n tó bá a lọ wo ọkọ̀, kò sí ẹni tó gbàdúrà sí i. Ìyá rẹ̀ pàápàá kò mọ̀ títí ó fi rà á tán, torí ó ti mọ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ. Èyí ló dùn mí jù. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ọmọ Ìlàjẹ, kí ẹnikẹ́ni máà sí níbẹ̀!

Nílé, ta ló dá ọkọ̀ ra rí? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò mú owó lọ bá agbẹ́kọ̀ kó tó ti inú ọkọ̀ ẹlòmíràn jáde. Igbá ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́ pé kó máa gbọ́n omi. Ó gbọ́n omi títí ó fi mọ ibi tí ọkọ̀ ti ń jò láìwo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó ti àwọ̀n, ó ń tún un hun, kó tó di ẹni tí wọ́n gbà láàyè láti di ẹ́ńjìnì mú. Bí ẹja bá wọlé, owó epo ló kọ́kọ́ ń kúrò. Ọkọ̀ gba ìpín tirẹ̀, ẹ́ńjìnì gba tirẹ̀, àwọ̀n gba tirẹ̀, kí àwọn tó lọ sójú òkun tó pín ìyókù. Nínú ìyókù yẹn ló ti ń dá èésú. Ìyá rẹ̀ fi owó ẹja yíyan kún un, àna rẹ̀ fi pákó kún un, agbẹ́kọ̀ náà sì gba ìdajì sílẹ̀, ó ní òun á gba ìyókù lára ẹja.

Ojú mi ni wọ́n ṣe parí ọkọ̀ náà. Agbẹ́kọ̀ di òwú bíi okùn, ó fi í sí ojú ibi tí pákó méjì ti pàdé, ó fi irin pẹlẹbẹ àti òòlù onígi gbá a wọlé, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ láti imú ọkọ̀ dé ìdí rẹ̀ láìfo ibì kan. Ọ̀dà ń hó lórí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dà á lé òwú, ó fi ọwọ́ ra á nígbà tó ṣì ń gbóná. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sómi, gbogbo àdúgbò ló tì í. Àwọn àgbà ṣe tiwọn, wòlíì ta òróró sí i, wọ́n kọ orúkọ àdúrà sí i lára. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gùn ún nígbà tó ti mọ ohun gbogbo tó yẹ kí awakọ̀ mọ̀, àwọn tó sì bá a rà á ń wò ó láti èbúté. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọ̀nà kan wà tó dára ju èyí lọ láti fi ní ọkọ̀ àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n mo ń bá ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohun tí mò ń gbọ́ kì í jẹ́ kí n lè fi ẹnu yẹn dákẹ́. Ọ̀nà náà ti ń dí. Ilẹ̀ òkèèrè ni ẹ́ńjìnì Yamaha ti ń wá. Nígbà tí náírà já ní 2023, tí ìjọba sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún kan náà, ẹ́ńjìnì fò kọjá ọwọ́ èésú, epo tí wọ́n máa fi dé ojú ẹja sì di ìnira. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí apá rẹ̀ le, tó mọ òkun bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ń di ẹni ọgbọ̀n ọdún nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Bó bá rí ẹni yá a ní ẹ́ńjìnì, oníṣòwò tó yá a yẹn ló máa dá iye tó fẹ́ ra ẹja rẹ̀. Ẹ́ńjìnì á gbó, gbèsè á ṣì wà nílẹ̀.

Omi fúnra rẹ̀ ń kọ́? Ewéko olódòdó tó gba ojú omi Badagry wọ Nàìjíríà ní 1984 tẹ́ bo ojú odò wa láti ìgbà yẹn, ó ń wé mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnì, ó ń ya àwọ̀n. Lápá Awoyè, odò tí wọ́n gbẹ́ nítorí iṣẹ́ epo rọ̀bì la ọ̀nà fún omi iyọ̀ wọnú omi dídùn, ó pa igi, ó sì lé ẹja. Òkun ń gbé ilé àti ìsà òkú lọ ní Ayétòrò. Lórí gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ ń kó èrò ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń rìn lóru, láìsí làìfù jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn ọmọdé. Nígbà tó bá dojú dé, a ó sunkún, a ó sin òkú, ọkọ̀ mìíràn á gbéra lọ́jọ́ kejì. Ta ló ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ wa pẹ̀lú òòlù? Ta ló láṣẹ láti sọ pé pákó yìí ti jẹrà, kò gbọ́dọ̀ kó èrò mọ́?

Àwọn òyìnbó tó ń fi ọkọ̀ ṣeré yìí, mo wá lọ wádìí ìtàn wọn. Iṣẹ́ ni wọ́n gbẹ́ odò wọ̀nyẹn fún. Ní 1761, odò Bridgewater bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èédú láti Worsley lọ sí Manchester, owó èédú níbẹ̀ sì já dé nǹkan bí ìdajì. Gbogbo ilẹ̀ náà gbẹ́ odò tẹ̀lé e. Nígbà tó yá, rélùwéè gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ̀. Ìyá, bàbá àti ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nínú yàrá kótópó kan nídìí ọkọ̀ ẹrù kí wọ́n má baà san owó ilé, àwọn ọmọ wọn kò ráyè kàwé. Àwọn ará orí ilẹ̀ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn bí àwọn kan ṣe ń fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn ará Màkókò tó ń gbé orí omi lónìí. Ẹrẹ̀ kún ọ̀pọ̀ odò náà, wọ́n pa òmíràn tì.

Ní 1944, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ L. T. C. Rolt tẹ ìwé kan jáde, Narrow Boat, nípa ayé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jẹ nínú ọkọ̀ wọn. Ó kó sáwọn èèyàn lórí. Ní 1946, òun àti Robert Aickman wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gba odò wọ̀nyẹn là. Àwọn èèyàn tí kò ní ẹrù kankan láti gbé bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọjọ́ ìsinmi wọn nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, wọ́n ń pààrọ̀ ilẹ̀kùn àhámọ́, wọ́n ń bá ìjọba jà. Nígbà tó di 1968, òfin wà tó ya àwọn odò kan sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ ìgbádùn. Láti 2012 ni Canal & River Trust ti ń bójú tó nǹkan bí 2,000 máìlì odò, owó láísẹ́ǹsì ọmọ Ugbónlá wa sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Eré yẹn ló gba omi wọn là. Ẹni tí kò fi omi wá oúnjẹ ló ń sanwó kí omi má baà kú. Àwa tí omi ń bọ́ ń wò ó bó ṣe ń dí.

Ká má rò pé òyìnbó ló ní ọgbọ́n náà. Ní 1947, ọdún kan péré lẹ́yìn ẹgbẹ́ Aickman, àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó sórí ẹrẹ̀ létí òkun. Iṣẹ́ àti owó jẹ́ ti gbogbo wọn. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ odò tí ọkọ̀ lè gbà wọlé, wọ́n ní ibùdó tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ara wọn. Kò sí ọ̀dọ́ tó ń dá gbèsè ẹ́ńjìnì jẹ níbẹ̀ nígbà náà. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀yà, ilẹ̀ Ìlàjẹ wa yìí náà sì ni.

Nítorí náà, ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ kó gbé inú ọkọ̀ rẹ̀. Kò ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́. Àwa tó wà lókè òkun ló yẹ ká bi ara wa léèrè ohun tí owó wa ń ṣe nílé. A kọ́ ilé sí Igbókòdá, a kọ́ sí Àkúrẹ́, kọ́kọ́rọ́ ń dípẹtà lára wọn. A ń dá owó gbọ̀ngàn àti aṣọ ẹbí. Kò sí ẹgbẹ́ wa kan tí mo mọ̀ tó ti dá owó ọkọ̀ àkọ́kọ́ fún ọ̀dọ́ rí.

Ohun tí mò ń fẹ́ kò nira. Kí á dá àjọ ọkọ̀ sílẹ̀. Kí owó náà kan ọkọ̀ kan lọ́wọ́ agbẹ́kọ̀ tiwa, kó ra ẹ́ńjìnì kan àti làìfù jákẹ́ẹ̀tì tó tó iye èrò inú rẹ̀. Kó jẹ́ ẹni tó ti gbọ́n omi rí, tó ti di ẹ́ńjìnì mú lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ni a máa fún. Kí agbẹ́kọ̀ àgbà mìíràn yẹ ọkọ̀ náà wò pákó kan lẹ́yìn èkejì kí owó ìkẹyìn tó jáde. Kí ọ̀dọ́ náà máa san án padà láti inú ìpín ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnì, kó sì ta ẹja rẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú. Bó bá san án tán, ó di tirẹ̀, owó náà á lọ bá ẹni tó kàn. Kí ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọkọ̀ wò ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ akọ̀wé àjọ náà, torí kò sí ẹni láàárín wa tó mọ iye tí àṣìrà ọkọ̀ ń náni jù ú lọ.

Owó tèmi wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá tirẹ̀, kó jáde síta. Ọ̀dọ́ tó ti mọ àjẹ̀ dì mú láti kékeré kò yẹ kó darúgbó sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn nígbà tí èèyàn rẹ̀ wà láyé.